Bugle G oní-valve méjì: àyẹ̀wò fún ẹni tí ohùn DCI àtijọ́ ń wù

Ẹni tó bá ti gbọ́ Garfield Cadets ọdún 1984 tàbí Santa Clara Vanguard ọdún 1989, àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fọn fèrè idẹ tí wọ́n sì ń lu ìlù bí wọ́n ṣe ń yan lórí pápá, mọ̀ pé irú ohùn yẹn kò sí lórí pápá mọ́. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ fèrè fọn, wọ́n mọ̀ ọ́n fọn dáadáa. Fèrè fúnra rẹ̀ ló yí padà. Láti ọdún 2000 ni Drum Corps International, àjọ tó ń ṣètò ìdíje wọn, tí gbogbo wa ń pè ní DCI, ti gbà kí ẹgbẹ́ lo fèrè tó wà ní ohùn yòówù, B♭ àti F sì ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, G lòfin wí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn náà lẹ́nu ara rẹ̀, bugle G àlòkù ni kó wá, soprano (bugle tó ń fọn ohùn òkè) oní-valve méjì sì ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kó rà. Valve ni ohun tí ẹ ń tẹ̀ láti yí ohùn padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oní-valve méjì? Èyí tí Anaheim Kingsmen fi gba ife ẹ̀yẹ DCI àkọ́kọ́ ní Whitewater, Wisconsin, lọ́dún 1972 ti gbó jù. Valve rẹ̀ kan dùbúlẹ̀, ìkejì jẹ́ rotor (èyí tó ń yí po), àwọn tó sì mọ rotor bẹ́ẹ̀ tún ṣe kò pọ̀ mọ́. Oní-valve mẹ́ta, tí òfin gbà ní 1990, ń fọn gbogbo nóòtù, ó sì rọrùn fún ẹni tó ti mọ trumpet. Ṣùgbọ́n oní-valve méjì, tí wọ́n gbà ní 1977, ni wọ́n kọ orin ọdún mẹ́tàlá yẹn fún. Àìtó rẹ̀ gan-an ló dá orin náà bó ṣe rí.

Ẹ wò ó báyìí. Valve kejì ń sọ ohùn kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, èkíní ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní odindi ìgbésẹ̀. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, ìgbésẹ̀ kan àbọ̀ ni, ó parí síbẹ̀. Nítorí náà, C♯, D àti E♭ ìsàlẹ̀ kò sí lára rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni A♭ tó wà lórí G àkọ́kọ́. Bí orin bá débẹ̀, ẹni tó ń tò ó ní láti gbé nóòtù náà fún baritone (bugle tó tóbi ju soprano lọ) tó lè fọn ọ́n ní ipò tirẹ̀, tàbí kó gbé soprano lọ sókè, níbi tí nóòtù ti sún mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí soprano àtijọ́ fi máa ń ké lókè pápá bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rà á láti fi bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fọn o. C ìsàlẹ̀ trumpet B♭ ni E♭ lórí bugle yìí, E♭ yẹn gan-an sì ni kò ní.

Olds, King, Getzen, Kanstul àti DEG, tó ṣe Dynasty, wà lára àwọn tó ṣe é. Orúkọ ara rẹ̀ kò ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe lò ó. Fèrè ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn, òjò ti pa wọ́n, wọ́n ti ṣubú lórí koríko, ọmọ mẹ́wàá ti lè lo ọ̀kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi fídíò ránṣẹ́: kó fọn C, G àti C òkè láì tẹ valve kankan, lẹ́yìn náà kó tẹ kejì, kó tẹ èkíní, kó wá tẹ méjèèjì pọ̀. Kó fa slide (ọ̀pá kékeré tó ṣeé fà wọlé fà jáde) valve kìíní yọ láì tẹ valve náà, ó yẹ kó dún “pó!” bó ṣe ń jáde. Bí kò bá dún, afẹ́fẹ́ ń jò, ó lè jẹ́ lára valve, ó lè jẹ́ lára slide. Bó bá jẹ́ valve ló ti jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó bugle lọ.

Ẹ wo ọ̀pá tí mouthpiece (ibi tí a ń gbé ẹnu sí) ń wọ̀. Bí àmì pupa kéékèèké bá wà lára rẹ̀, itọ́ ti ń jẹ síńkì inú idẹ, bàbà nìkan ló ń ṣẹ́kù, ọ̀pá náà yóò lu láìpẹ́. Slide tó há kò burú tó bẹ́ẹ̀: ẹ kán òróró sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ fi aṣọ kọ́ ọ kí ẹ sì fà á gbọnrangandan. Ẹ má fi ọwọ́ kan pliers.

Dídán tún wà níbẹ̀. Wọ́n fi krómù bo ọ̀pọ̀ wọn kó lè máa kọ mànà lóòrùn. Krómù le, kì í tẹ̀. Bí wọ́n bá ń na ẹnu gbàgàdà tó ti wó, yóò máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja, òjé kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá di dandan kí ẹ yan ọ̀kan, ẹ mú èyí tí fàdákà rẹ̀ ti dúdú tí valve rẹ̀ dára, ẹ fi èyí tó ń dán tó sì wó sílẹ̀.

Mouthpiece trumpet lásán ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará Boys’ Brigade, ti bugle B♭ tí kò ní valve kò ní bá a mu. Ẹ fọn ọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó gbóná kí ẹ tó tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá tẹ valve méjèèjì, E àti A yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Ẹ fa slide kìíní jáde bíi milimítà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ètè gbé F sókè.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti dán an wò. Nínú yàrá, ohùn rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń fọ́nká. Ẹ dúró jìnnà sí ẹni tó ń gbọ́, ní ìwọ̀n àádọ́ta ẹsẹ̀ ó kéré tán, yóò kó ara jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nóòtù kọ̀ọ̀kan ṣáṣá, nítorí ní àwọn ọdún 1970, adájọ́ ìdíje ń rìn láàárín àwọn tó ń fọn fèrè lórí pápá, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń gé 0.1 kúrò nínú máàkì. Bí wọ́n ṣe kọ́ láti fọn ún nìyẹn.

Contrabass, bugle ńlá tó ń fọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń gbé lé èjìká, wuyì lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó wúwo, ẹnì kan ṣoṣo kò sì rí orin púpọ̀ fi í fọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ti ní soprano àti baritone tó tó.