Bébà ìdánwò ìtọ̀ fún onílupus: ẹ rà á, àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀

Ìgò bébà ìdánwò ìtọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ojú àwọ̀ mẹ́wàá wà lára bébà kọ̀ọ̀kan, tí ọgọ́rùn-ún bébà sì wà nínú ìgò kan. Tí ẹ bá ní lupus, tàbí tí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá ní in, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín.

Aránṣọ tó ní lupus ni mí, ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́ níbí. Ní ti lupus, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà ló máa ń kọjú ìjà sí onílé. Awọ, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, kò síbi tí kò lè dé, àmọ́ kíndìnrín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú àwọn àgbàlagbà tó ní lupus, àwọn tí lupus máa ń bá kíndìnrín wọn jà lè tó ìdajì, láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin ni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wa, ó sì máa ń le lára èèyàn dúdú ju lára òyìnbó lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í dunni. Bí oríkèé bá ń dùn mí, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Kíndìnrín kì í sọ nǹkan kan. Nígbà tí ojú yóò bá fi máa wú láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ò gba bàtà mọ́, tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ó ti pẹ́ tó ti ń bàjẹ́. Purotéènì tó yẹ kí kíndìnrín dá dúró sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jò sínú ìtọ̀ yẹn. Bébà yìí lè rí i kí ojú tó rí ìfófòó, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ná owó lé e.

Lílò rẹ̀ kò le. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni mo ń gbà sínú ike mímọ́. Mo ri bébà bọ inú ìtọ̀ náà, mo yọ ọ́ kíá, mo fi etí ẹ̀ nu ẹnu ike, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú kan ni ojú purotéènì, ìyẹn ojú àwọ̀ tó ń wá purotéènì, ń gbà. Bí kò bá sí purotéènì, á wà ní yẹ́lò. Bó bá wà, á máa lọ sí àwọ̀ ewé, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà á ṣe máa ki sí i. Mo tún ń wo ojú ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí máa ń wà nínú ìtọ̀ nígbà tí lupus bá wọ kíndìnrín. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù o, á kàn kó ìpayà bá yín lásán ni. Vitamin C tó pọ̀ náà sì lè bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ mi sì rèé. Ẹni tó bá ti yan òwú lábẹ́ iná rí, tó wá bọ́ síta tó rí i pé òwú ò bá aṣọ mu, á mọ ohun tí mo ń sọ. Iná tọ́ọ̀ṣì funfun yẹn máa ń sọ yẹ́lò di ewé. Ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé, kí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, kí ẹ tó fi wé àwòrán ara ìgò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru àti ọ̀rinrin, ọ̀tá rẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, inú oòrùn ni wọ́n to ìgò sí, wọ́n sì ti ṣí èyí tí ọkùnrin náà fẹ́ tà fún mi, ó ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Ojú purotéènì ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìtíì kan ìtọ̀. “Àǹtí, kò sóun tó ṣe é, gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni.” Mo kí i pé ẹ kú ọjà, mo bá tèmi lọ. Alágbàká ni mo ti wá rí èyí tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní lílẹ̀, tí ọjọ́ tí yóò fi bàjẹ́ ṣì jìnnà. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sí balùwẹ̀, ẹ má kó o sí fíríìjì, ẹ má sì yọ oògùn agbomi inú ìdérí dànù.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Bí mo bá mu omi púpọ̀, àwọ̀ á ṣá. Lásìkò ọyẹ́ tí ọ̀fun gbẹ, á ki ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì rẹ̀ sì gbòòrò jù: pọ́ọ̀sì kan (+) dúró fún mílígíráàmù purotéènì 30 nínú desilítà ìtọ̀ kan, pọ́ọ̀sì méjì fún 100, pọ́ọ̀sì mẹ́ta fún 300. Ẹ wo bí àlàfo wọn ti tó! Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní mycophenolate pẹ̀lú prednisolone, àwọn oògùn tó ń dá àwọn ọmọ ogun ara lẹ́kun, bébà ń sọ pọ́ọ̀sì méjì, pọ́ọ̀sì méjì, títí mo fi fẹ́ sọ̀rètí nù. Láàbù ló wọn purotéènì mọ́ kiriatíníìnì, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń dà sínú ìtọ̀, ó sì ti kúrò ní 2.4 dé 1.3. Dókítà mi sọ pé bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó dín sí ìdajì láàárín oṣù 6, kó sì wà ní nǹkan bíi 0.5 sí 0.7 tàbí kó kéré sí i nígbà tó bá pé ọdún kan. Bébà ò lè ka irú ìyẹn. Kò sì lè sọ oríṣi lupus kíndìnrín tó jẹ́ nínú kíláàsì mẹ́fà tí àwọn dókítà pín in sí. Ifẹ̀ ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gba ẹran díẹ̀ nínú kíndìnrín mi kí wọ́n tó mọ̀ pé kíláàsì 4 ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n mọ oògùn tí wọ́n máa kọ. Ajá ojúlé ni bébà yìí: iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbó.

Ó sì gbó fún mi lẹ́ẹ̀kan tó ṣe pàtàkì. Pọ́ọ̀sì méjì di mẹ́ta, ojú ẹ̀jẹ̀ náà yí padà, ẹsẹ̀ mi ò sì tíì wú rárá. Mo pe kílíníìkì, mi ò dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru sókè nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n tún oògùn ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún kìlọ̀ fún mi nípa diclofenac, oògùn ara ríro tí ìyá mi ń fẹ́ kí n máa lò fún oríkèé, àti àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín.

Ẹni tó bá máa torí àwọ̀ fi kún prednisolone fúnra ẹ̀, tàbí tó máa dá oògùn dúró nítorí pé bébà yẹ́lò, kó má rà á.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún bébà ló gba ọ̀kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lò ó, oṣù díẹ̀ péré sì ni ìgò tí a ti ṣí ń lò kó tó di aláìṣeégbáralé, nítorí náà èyí tó ń ṣòfò pọ̀ ju èyí tí mo ń lò lọ. Bí ẹ bá lọ sí Alágbàká, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ìgò tó jẹ́ àádọ́ta.