Mo kọ́ ọ̀pá funfun n'Ìkòròdú, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ọ̀rọ̀ gọ́tà ọjà Sábó ló ní kí n wá kọ eléyìí, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ bí àwa tí ojú wa ò ríran ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni n'Ìkòròdú. Ọ̀pá tí wọ́n kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́ ò ju ìdodo mi lọ, mo ráhùn, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní "Mọ́mì, ọ̀pá lọ̀pá ń jẹ́." Tíṣà ló bá mi gba èyí tó dé igbá àyà, ó ní tó bá kúrú, ẹsẹ̀ mi á ti wọ kòtò kí ọ̀pá tó sọ fún mi. Mo fowó lé e, ọmọbìnrin yẹn sì jẹ mí ní ṣéńjì 2,000 náírà. Tí mo bá béèrè ẹ̀, lónìí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, lọ́la ọ̀gá ò sí nílé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò le lẹ́nu: ẹsẹ̀ òsì lọ síwájú, ọ̀pá kanlẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀pá kanlẹ̀ lósì, kó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ó wá di Sátidé, tíṣà ní ká lọ Sábó. Ọjà kún, Màrúwá ń fọn fèrè létí mi, àfi bí ìyá alátà kan ṣe figbe ta, "Ẹ dì wọ́n mú o, gọ́tà ti ṣí níwájú!" Ẹnì kan ti gbá mi lápá mú, ni tíṣà bá ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Wọ́n ń bú u pé ìkà ni, èmi náà ń bú u nínú, mo ń lọ, mo ń gbọ̀n, ọ̀pá kàn já sófìfo lọ́wọ́ mi gbì. Mo dúró. Mo fi wá etí gọ́tà lọ sósì, mo bá sìlábù kan, mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo gorí ẹ̀, mo sọdá.

Ìyá alátà ní "Háà, wọ́n rí i!" Mo ní èmi ò rí i o, ọ̀pá ló rí i.

Mo ṣì bínú sí tíṣà títí a fi délé. Ó ní ọwọ́ òun ò kúrò lẹ́yìn báàgì mi, kò jìnnà tó ìka méjì. Kí ló dé tí ò sọ?

Ohun tí ò tún sọ ni pé ọ̀pá ò mọ nǹkan tó bá wà lókè, agboòrùn àwọn ọlọ́jà ti gbá mi níwájú orí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lánàá, èmi nìkan ni mo lọ ra búrẹ́dì, mo tún yà kí ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkan ò fà mí bí ewúrẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Máàkì 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Tí ṣéńjì mi bá wọlé, mo máa tún máàkì yẹn ṣe.