Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo fi kíndìnrín kan sílẹ̀: àgbéyẹ̀wò kílíníìkì tó ń tọ́jú èyí tó kù

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo fún àbúrò mi ọkùnrin ní kíndìnrín mi apá òsì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn níbí, tí n kò ní dárúkọ, kí wọ́n lè máa ṣọ́ èyí tó kù. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, nítorí pé bí ọgbẹ́ ṣe jinná ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta.

Àyẹ̀wò wọn kò pọ̀. Wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á gba ìtọ̀ láti wò ó bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, tó máa ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ kíndìnrín bá dínkù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń já ènìyàn láyà. Kí n tó wọ yàrá abẹ, 0.9 ni tèmi. Láti ọdún kejì, ó ń lọ sókè sódò láàárín 1.2 sí 1.3. Láàbù kan ní àdúgbò wa ní Mọ́níyà fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i nídìí, dókítà tí mo sì sáré mú èsì náà lọ bá sọ fún mi pé kíndìnrín mi ti ń ṣàárẹ̀. Ojú mi kò rí oorun lóru ọjọ́ náà.

Ní kílíníìkì, dókítà ṣí fáìlì mi, ó to èsì gbogbo ọdún náà síbi kan, ó ní kò sí ohun tó yí padà. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kì í wà ní ìdajì títí, nítorí pé èyí tó kù a máa tóbi sí i, a sì máa gba lára iṣẹ́ ìkejì rẹ̀ ṣe, títí tí agbára tí ó fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Iye tó lè jẹ́ ewu fún oníkíndìnrín méjì lè jẹ́ ohun tí à ń retí lára oníkíndìnrín kan. Ó tún fi Ronald Herrick rẹ̀ mí lẹ́kún, ẹni tó fún ìbejì rẹ̀ ní kíndìnrín ní Boston ní 1954, tí ó sì lo ọdún 56 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí fáìlì yẹn nìkan, owó ọkọ̀ mi kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀sùn. Ọdún kẹta ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ jíìnì APOL1 fún mi, ọ̀rọ̀ tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Oríṣi rẹ̀ kan tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹni tó bá sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá súnmọ́ àrùn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ. Kí abẹ tó kàn mí ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀sùn kejì bí mi nínú jù. Nígbà tí eyín ń dùn mí, ẹ̀ka mìíràn nínú ilé ìwòsàn kan náà kọ diclofenac fún mi, oògùn ìrora tó lè pa kíndìnrín lára, tí kílíníìkì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló rí i tí ó fagi lé e, Ọlọ́run kó máa wà pẹ̀lú rẹ̀. (Òun náà ló dúró tì mí lọ́jọ́ tí ìyá wa gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, tí ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Màmá kò tíì dárí jì wá.)

Ìpè ni wọ́n fi ń rán àbúrò mi létí ọjọ́ tirẹ̀. Èmi tí mo fún un, bí ẹni tó sìn ín wá ni wọ́n ń ṣe mí. Oṣù Ọ̀wàrà ni tèmi tún kàn. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, èmi ni n óò pè wọ́n.