Àgbéyẹ̀wò ixora inú náílọ́nù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì Àgbádárìgì

Ọjà tó dára ni. Ixora tí àwọn olódòdó wa ń tà nínú náílọ́nù dúdú kì í sábà kú. Ògiri fẹ́ǹsì tí a ń gbìn ín tì ló ń bà á jẹ́.

Omi òjò a máa ṣan ẹfun ara sìmẹ́ǹtì wọlẹ̀, ilẹ̀ tó sì kan díẹ̀ ni ixora fẹ́, èyí tí pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó) wà láàárín 5 sí 6. Tí ẹfun bá pọ̀, gbòǹgbò ò ní lè fa èròjà irin mọ́. Ewé tuntun á pọ́n bí ìyeyè, iṣan rẹ̀ nìkan ni á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń da ajílẹ̀ NPK sí i, lásán ni. Ẹ fún oògùn èròjà irin (chelated iron) sára ewé, kí ẹ sì hú u kúrò nídìí ògiri. Eérú ìdáná àti iyanrìn tó ní ìfọ́ ìkarahun, iṣẹ́ tí ẹfun ń ṣe sí i ni àwọn náà ń ṣe.

Ẹ gbìn ín jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì náílọ́nù, kó má jìn jù ú lọ. Ohun tí ẹ ó kó sínú rẹ̀: ilẹ̀dú apá méjì, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà apá kan. Iyanrìn wa nìkan ò lè di omi mú. Oòrùn wákàtí 6 lóòjọ́, ó kéré tán. Lábẹ́ igi máńgòrò, ewé lásán lẹ ó máa wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé náílọ́nù sókè. Tí gbòǹgbò bá ti wọ ilẹ̀, já ni yóò já, igi á sì rọ. Tí ẹ bá rí kókó lára gbòǹgbò, aràn ilẹ̀ tó ń ba gbòǹgbò jẹ́ ni, ẹ fi igi náà sílẹ̀ fún olódòdó. Ewé tó dúdú bí èédú, tí èèrà ń gùn, kòkòrò tó ń fa oje ló wà lábẹ́ rẹ̀: ṣíbí kékeré ọṣẹ olómi kan nínú omi lítà 1, ẹ fi wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, nítorí náà ẹni tó bá ń rẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gún régé ń gé òdòdó dànù ni. Ìgbà tí òdòdó bá rẹ̀ ni kí ẹ rẹ́ ẹ.

Yìnyín ló ń pa á nílẹ̀ òkèèrè. Tiwa, ọyẹ́ ni, tó ń jẹ́ kí etí ewé jó. Ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, àmọ́ kì í ṣe omi kànga oníyọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ dojú kọ òkun gan-an, òdòdó bougainvillea ni kó rà.