Ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ṣé ká pàṣẹ ni, àbí ká sọ ìdí?

Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá níbí máa ń bi mí: ṣé kéèyàn kàn pàṣẹ fọ́mọ ni, àbí kó sọ ìdí?

Àṣẹ kì í gba àkókò. "Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn!" ti tó. Nígbà tí aṣọ oníbàárà ti ń rú èéfín, ta ló ráyè àlàyé? Àmọ́ kì í tọ́jọ́: ẹ yẹsẹ̀ báyìí, ọmọ á padà síbi tó wà.

Ìdí ń gba sùúrù, pàápàá tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń pariwo "Wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì!" Lọ́jọ́ kan mo na téèpù sórí àńkárá tó ti bàjẹ́, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, wò ó, ínṣì kan péré lo gé sódì. Kò lè gba èjìká màmá yẹn mọ́." Ó fọwọ́ pa ojú ibẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mi ò tún pariwo mọ́ látọjọ́ náà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ẹrú. Ó yẹ kó mọ ìdí.

Lọ́dún 1978, Ellen Langer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nídìí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ. Ẹni tó kàn bẹ àwọn tó fẹ́ lo ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ ṣe ojú ìwé 5, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà fún un. Ẹni tó fi kún un pé òun ń kánjú, ìdá 94.

Tí ewu bá wà níwájú, ẹ pàṣẹ. Iṣẹ́ tọ́mọ yóò máa dá ṣe lẹ́yìn yín, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ ìdí.