Ìṣó onísíkúrúù tí a fi ń de ojú irin mọ́ igi: ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́

Ìṣó onísíkúrúù dára ju ìṣó àtijọ́ tí a ń fi òòlù gbá wọlé lọ. Bó bá jẹ́ owó mi ni, òun ni màá rà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà ló yẹ ká fi í sí láìronú, àwọn tó ń tà á kì í sì í pẹ́ lórí apá yẹn. Iṣẹ́ àtúnṣe ojú irin ni mo ń ṣe níhìn-ín, ní Maryland àti Pennsylvania, lọ́dọ̀ kọngílá kékeré kan tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè kéékèèké ṣiṣẹ́. Mo ti lo ìṣó méjèèjì nínú òtútù àti nínú ooru, lórí igi tuntun àti lórí igi tó ti gbó.

Ẹni tó bá ń ka èyí nílé lè máa rò ó pé ta ló tún ń fi igi ṣe ojú irin láyé òde òní. Lóòótọ́, lójú irin àtijọ́ tó ti Iddo wọ Ìbàdàn, irin ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú sílípà rẹ̀, ìyẹn àwọn ìdábùú tí rélì ń jókòó lé, nítorí ikán. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí fún èrò ní 2021, kọnkéré ni. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ó lé ní 90 nínú 100 sílípà wọn tó jẹ́ igi: igi óòkù àti àwọn igi líle mìíràn, tí wọ́n ti fi oògùn igi kan, kíríósóòtì, rẹ kí ó má baà tètè jẹrà. Igi kan máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀, ó fẹ̀ ní íǹṣì 9, ó nípọn ní íǹṣì 7. Irin ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ kan á jókòó lórí rẹ̀, rélì, irin gígùn tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé, á jókòó lórí irin ìtẹ́lẹ̀, ìṣó á wá di gbogbo rẹ̀ mọ́ igi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìṣó àtijọ́ dáadáa, nítorí àwọn tó ń polówó tuntun máa ń bú u bí ẹni pé òmùgọ̀ ló ṣe é. Robert L. Stevens, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rélùwéè Camden and Amboy ní New Jersey, ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1830, lásìkò kan náà tó ń ṣètò rélì tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Láti ìgbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Irin onígun mẹ́rin ni, ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 8 íǹṣì, ó gùn ní íǹṣì 6, orí rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gun ẹsẹ̀ rélì, ìdí rẹ̀ sì pẹlẹbẹ, ó mú bíi ti ṣísẹ́lì.

Ẹnu mímú yẹn ni ọgbọ́n wà. Ó gbọ́dọ̀ dábùú ìlà ara igi nígbà tí a bá ń gbá a. Bó bá dábùú, á gé àwọn fọ́nrán igi, á tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀, àwọn fọ́nrán tó tẹ̀ yẹn ni yóò máa há ìṣó mọ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá fẹ́ fà á sókè. Bí a bá gbá a tọ ìlà igi, igi á là, ìṣó náà kò sì ní di nǹkan kan mú. Orí ìṣó pẹ̀lú, kì í lẹ̀ mọ́ rélì tímọ́tímọ́. Àyè tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn, nítorí pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń bọ̀, rélì tó wà níwájú rẹ̀ máa ń gbé ara sókè díẹ̀ kí ìwúwo tó dé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ni yóò máa fa ìṣó tu díẹ̀díẹ̀. Bàbá adúláwọ̀ tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ojú lásán mọ àyè yìí. Àwọn adúláwọ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé ìgbà kan, orin ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnì kan á máa lé, àwọn tó kù á máa gbè, gbogbo wọn á sì jọ ti rélì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè ibi tí ó ti wá.

Nítorí pé ìṣó àtijọ́ kì í fún rélì mọ́lẹ̀, rélì lè máa sún síwájú sẹ́yìn, pàápàá níbi tí ọkọ̀ ti ń tẹ bíréèkì àti nígbà tí ooru bá mú irin gùn. Ìdákọ̀ró, irin kéékèèké tí a ń gbá mọ́ ìdí rélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ló ń dá a dúró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró yìí sọ́kàn, màá padà sí i.

Ohun tó ń ba ìṣó àtijọ́ jẹ́ ni títu àti gbígbá padà. Rélì máa ń jẹ, ní kọ́ọ̀nà pàápàá, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ rẹ̀, a ó fa ìṣó tu, a ó fi èèkàn igi dí ihò tàbí kí a da kẹ́míkà tó ń wú tó sì ń le sínú rẹ̀, a ó tún gbá ìṣó mìíràn. Ó máa ń dì mú, àmọ́ kì í tó ti àkọ́kọ́. Mo ti bá wọn kó igi dànù tí ara rẹ̀ kò tíì jẹrà rárá, ihò ló pa á. Bí ìṣó bá sì ti ń mì, ìfẹ̀ ojú irin ni yóò máa yẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń sáré 60 máìlì ní wákàtí kan, òfin kò gbà kí ó kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 9 àbọ̀. Íǹṣì kan péré ni gbogbo àyè tí a ní.

Ibí yìí ni ìṣó onísíkúrúù ti gba ọkàn mi. Ó nípọn, ara rẹ̀ sún mọ́ íǹṣì kan, ó gùn díẹ̀ ju íǹṣì 6 lọ. Nínú ètò tí a ń lò, kò fọwọ́ kan rélì rárá. Irin ìtẹ́lẹ̀ ló ń dì mọ́ igi, irin kan tó lọ́ tó sì ní agbára sípíríǹgì ló wá ń fún rélì mọ́ irin ìtẹ́lẹ̀, irú èyí tí ọmọ Norway kan, Per Pande-Rolfsen, ṣe, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pandrol. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rélì, a ó kàn yọ irin sípíríǹgì náà, a ó gbé rélì kúrò, a ó gbé òmíràn sí i. Ìṣó kò kúrò nínú igi. Ihò kò fẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìṣó tu láti àárọ̀ dé alẹ́ nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ti tuni lára tó.

Ṣùgbọ́n ihò àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìṣó yìí kì í dárí ji ẹni tó bá lu ihò burúkú. Bí ihò bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, igi óòkù á là, tàbí kí ìṣó fúnra rẹ̀ lọ́. Bó bá fẹ̀ jù, eyín ìṣó kò ní rí igi jẹ. Igi líle àti igi rírọ̀ kò sì gba ẹnu dírílù kan náà, ẹ ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó fi òòlù gbá ìṣó yìí wọlé díẹ̀ kí ó tó gbé ẹ̀rọ tó ń yí i wọlé lé e. Gbogbo igi tí eyín yẹn fà ya kò lè di nǹkan kan mú mọ́. Bákan náà, bí ẹ̀rọ bá yí i kọjá ibi tó ti jókòó dáadáa, á máa yí lófo, igi inú ihò á sì di ìyẹ̀fun.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Kíríósóòtì kì í wọ inú ọkàn igi óòkù dé ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́gbẹ́ ló ń pọ̀ sí. Bí a bá lu ihò lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ igi tán, igi tí kò mu oògùn ni a ṣí sílẹ̀ fún omi. Nítorí náà, bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra igi tí wọ́n ti lu ihò rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ da oògùn sínú ihò kí ìṣó tó wọlé. Lójú ọ̀nà oníbàárà wa kan, a ṣe apá kan bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wọn ní ká yára parí èyí tó kù láìda oògùn. Ìyàtọ̀ ti hàn báyìí: níbi tí a kò da oògùn sí, igi etí ihò ti dúdú, ó ti rọ̀.

Lórí afárá, níbi tí ojú irin ti pínyà, àti níbi tí títì ti dá ojú irin kọjá, mi ò tún fẹ́ lo nǹkan mìíràn. Níbi títì pàápàá, ọ̀dà àti kọnkéré ló bo gbogbo nǹkan, èèyàn kò sì lè máa hú u ní gbogbo ìgbà láti wo ìṣó tó ti gbéra.

Kọ́ọ̀nà ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọkọ̀ ojú irin Union Pacific tó kó epo rọ̀bì yẹ̀ ní Mosier, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Wágọ́ọ̀nù epo 16 ló kúrò lójú irin, iná sì mú mélòó kan nínú wọn. Àjọ FRA, tó ń mójú tó ààbò rélùwéè fún ìjọba àpapọ̀, rí i pé àwọn ìṣó onísíkúrúù tó di irin ìtẹ́lẹ̀ mọ́ igi ti kán ní kọ́ọ̀nà yẹn, irin ìtẹ́lẹ̀ tú, ojú irin fẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì jábọ́ sáàárín.

Kí ló ń kán irin tó nípọn tó bẹ́ẹ̀? Ìdákọ̀ró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ tún fi wò ó. Nínú ètò àtijọ́, bí rélì bá fẹ́ sún síwájú, ìdákọ̀ró ló ń ti ara igi, ìṣó kò mọ̀ sí i. Nínú ètò tuntun, irin sípíríǹgì di rélì mọ́ irin ìtẹ́lẹ̀ pinpin, irin ìtẹ́lẹ̀ sì jókòó lórí ìṣó nìkan. Gbogbo ìtìsíwájú, gbogbo ìfàsẹ́yìn, àti ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kọ́ọ̀nà ń mú wá, ara ìṣó ló ń bọ́ sí. Á máa tẹ̀ síhìn-ín, á máa tẹ̀ sọ́hùn-ún, lábẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá kọjá, títí irin á fi rẹ̀. Ibi tó sì ti ń kán kì í ṣe lókè. Nǹkan bí íǹṣì kan àbọ̀ sínú igi ni, níbi tí ojú kò dé. Ìṣó àtijọ́ máa ń gbé orí sókè kí ó tó já ẹ kulẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú irin á rí i. Orí ìṣó onísíkúrúù tó ti kán á jókòó sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Lójú ọ̀nà orí òkè kan tí a lọ ṣiṣẹ́, mo fi ọwọ́ lásán gbé orí ìṣó jáde ní kọ́ọ̀nà, lórí igi tó tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, nítorí ẹni tó ń wakọ̀ kọjá níbẹ̀ kò lè mọ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi òòlù kan orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀nà. Èyí tó dára máa ń dún kooro, èyí tó ti kán máa ń dún bọ̀ọ̀, ó sì máa ń mì. Bí mo bá ṣiyèméjì, mo máa ń gbé ẹ̀rọ lé e, kí n yí i padà díẹ̀. Iṣẹ́ náà lọ́ra, ó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò owó kà á mọ́ iye ìṣó.

Ní ti owó, ìṣó onísíkúrúù wọ́n ju ìṣó àtijọ́ lọ, irin ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ àti irin sípíríǹgì náà sì ní owó tiwọn. Dírílù àti ẹ̀rọ tó ń yí i wọlé tún wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà kékeré tí ọkọ̀ díẹ̀ ń rọra gbà, tí rélì rẹ̀ kì í tètè jẹ, kò nílò rẹ̀. Kí wọ́n gbá ìṣó àtijọ́ síbẹ̀ dáadáa, ó tó. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀nà tó le lórí òkè, ẹ má rà á láìkọ́kọ́ béèrè iye ìṣó tí irin ìtẹ́lẹ̀ náà gbà. Kí ìṣó pọ̀ tó láti pín ẹrù náà láàrin ara wọn. Màá sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é wá ọ̀nà tí orí ìṣó yóò fi máa fi hàn pé ìdí ti kán, ìyẹn wúlò fún wa ju kí wọ́n máa fi agbára ìdìmú kún agbára ìdìmú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nílé béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lórí igi ekki, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní azobé, tí wọ́n ń gé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sì ń kó lọ fi ṣe sílípà ní Yúróòpù. Ó lè ṣiṣẹ́, igi yẹn á tilẹ̀ dì í mú ju óòkù lọ. Àmọ́ igi tó wúwo débi pé ó ń rì sínú omi ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìlu ihò tó péye. Kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí àgékù igi kan náà, kí wọ́n yí i wọlé, kí wọ́n yí i jáde, kí wọ́n wo eyín ìṣó àti inú ihò, kí wọ́n tó ra ẹnu dírílù.