Ìbọn Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà fún Ehoro, Èkúté àti Ẹyẹlé Igbó Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ ilé ọdẹ tó ń gbé ní Kent tàbí Essex, bó bá ń gbèrò àtira ìbọn, ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, torí òun ló bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nílé. Ẹlòmíràn ti wo fídíò ẹni tó ń ta ehoro láti ọgọ́rùn-ún mítà, irú ìbọn yẹn gan-an lòun náà ń wá kiri. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi, èmi náà á bi í padà: oko ta ni? Ẹran wo ló ń bà á jẹ́? Bí ọta bá tàsé, kí ló máa gbà á dúró? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń yan ìbọn fúnni jù, òun náà sì ni àwọn tó fẹ́ ra ìbọn kì í rántí.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé wéra: ìbọn afẹ́fẹ́, ìbọn .22 LR àti ìbọn .17 HMR (àwọn méjèèjì ń fi ẹ̀tù yin ọta kékeré kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan), àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká. England ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù, torí òfin Scotland àti ti Northern Ireland yàtọ̀.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú owó

Ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju 12 foot-pound lọ (ìwọ̀n agbára tí ọta fi ń jáde lẹ́nu ìbọn) kò gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ní England àti Wales. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè rà á. Ilé ìtajà tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀, ojúkojú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi lé yín lọ́wọ́. Bí agbára rẹ̀ bá ti kọjá 12, ó ti bọ́ sábẹ́ ìwé àṣẹ gidi, ẹ̀wọ̀n sì ń dúró de ẹni tó bá ní in láìgbàwé. Ní Scotland, láti ìparí ọdún 2016 ni ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá ti ń gba ìwé. Ẹ má ṣe gbé ti Carlisle kọjá ààlà lọ sí Dumfries láìní in. Ní Northern Ireland, èyí tó bá ti ju joule kan lọ (ìwọ̀n agbára mìíràn) náà ń gbàwé.

.22 LR àti .17 HMR wà lábẹ́ òfin ìbọn ọdún 1968. Ẹ ó fi hàn pé ẹ ní ìdí tó dára láti ní wọn, ẹ ó sì sọ ilẹ̀ tí ẹ ó ti máa lò wọ́n. Ọlọ́pàá á wá wo ilé yín àti àpótí irin tí ẹ ó máa ti ìbọn mọ́, dókítà yín á kọ̀wé nípa ìlera yín, wọ́n á sì kọ ìbọn kọ̀ọ̀kan àti iye ọta tí ẹ lè ní sínú ìwé náà. Ọdún márùn-ún ló ń lò. Ní February 2025, owó rẹ̀ gòkè láti £88 sí £198. Ti ìbọn ẹlẹ́nu méjì di £194 nígbà náà, ìwé tirẹ̀ dá dúró, ó sì rọ̀ díẹ̀: wọn kì í béèrè pé kí ẹ fi ẹ̀rí ìdí hàn bíi ti .22 LR àti .17 HMR, iye ìbọn tí ẹ lè ní kò sì lópin bí ìtọ́jú wọn bá ti péye.

Ohun kan wà tí ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàyè ti dẹ́ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ní ilé, ẹnu báálẹ̀ tàbí ti olóko lè tó. Níbí, ẹ gba àyè náà sínú ìwé, kí ẹ sì máa mú un dání. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá wọn dín ehoro kù, torí òfin ọdún 1954 lórí ẹran tó ń ba oko jẹ́ fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́rùn. Ẹyẹ ní tirẹ̀ ní òfin ọ̀tọ̀. Òfin ọdún 1981 dáàbò bo gbogbo ẹyẹ inú ìgbẹ́, lábẹ́ àṣẹ gbogboogbò GL42 ni a sì fi ń ta ẹyẹlé igbó nítorí ohun ọ̀gbìn ní England. Ẹ ka àṣẹ náà fúnra yín kí ẹ tó yìnbọn, torí ó ní àwọn ipò tí ó gbọ́dọ̀ bá mu. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa wà lábẹ́ ààbò. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú tó ti Amẹ́ríkà wá ni olóko máa ń ní kí ẹ pa.

Ìbọn afẹ́fẹ́: èyí tí ó yẹ kí ẹni púpọ̀ fi bẹ̀rẹ̀

Fún èkúté inú abà, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń bó èèpo igi, àti ehoro tí kò jìnnà ju mítà 30 sí 35 lọ, mi ò rí ìbọn tó bá a dọ́gba. Kì í pariwo, ọta rẹ̀ kì í rìn jìnnà, ẹ sì lè lò ó nítòsí ilé màlúù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́dọ̀ yin .22 LR. Ìyà tó ń jẹ ẹni tó bá rà á ni pé ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yọ́ sún mọ́ ẹran. Mo ka ìyẹn sí èrè. Ọdẹ tí kò bá lè sún mọ́ ehoro dé mítà 25 kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùtajà máa bi yín ni bóyá .177 lẹ fẹ́ tàbí .22. Nọ́ńbà yìí ni fífẹ̀ ẹnu ìbọn ní ìwọ̀n ínǹṣì; .22 ti ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe .22 LR. Agbára kan náà ni òfin fún àwọn méjèèjì, nítorí náà èyí tí ọta rẹ̀ fúyẹ́ ló máa yára. Ọta .177 wúwo tó grain 8 (grain ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), ó ń sáré tó mítà 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti .22 wúwo tó grain 16, eré rẹ̀ kò sì ju mítà 175 lọ. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa wí pé .177 wà fún oníyẹ̀ẹ́, .22 wà fún onírun. Mi ò bá wọn lọ tán. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹran fi ọgbẹ́ sá lọ jù ni pé ayìnbọn ṣi jíjìnnà rẹ̀ wò: ó rò pé mítà 25 ni, ó jẹ́ 33. Ọta .22 á ti wálẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ti .177 ṣì lọ tààrà débi pé àṣìṣe náà lè má ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà .177 ni mò ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó rà, yálà onírun ló fẹ́ ta tàbí oníyẹ̀ẹ́. Ibi tí mo ti ń yí padà ni inú abà: èkúté ní mítà 10 sí 15, .22 á lù ú le, kì í sì í sábà la ara rẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ti sípíríǹgì tàbí èyí tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ṣáájú? Ti sípíríǹgì, bíi Weihrauch HW95 ti Jámánì tàbí Air Arms TX200 tí wọ́n ń ṣe ní East Sussex, kò nílò ohunkóhun lẹ́yìn ìbọn àti ọta. Ẹ ká a, ẹ ki ọta sí i, ẹ yìn ín. Ó lè lo ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n síwájú sẹ́yìn kí ọta tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ẹ bá sì fún un mọ́wọ́ jù, á yà kúrò lójú àmì. Èyí tí a ń rọ, bíi HW100 tàbí Air Arms S510, fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ̀n rárá, ó sì ń gba ọta mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yìn ín lónìí á máa gbá àmì lọ́la. Àmọ́ owó rẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì, ẹ ó sì tún ra sílíńdà afẹ́fẹ́ tàbí pọ́ǹpù ọwọ́. Pọ́ǹpù ọwọ́ máa ń mú èèyàn làágùn. Sílíńdà ní tirẹ̀, wọ́n ní láti máa dán an wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún.

Bí owó bá wà, ẹ ra èyí tí a ń rọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan gbà pé sípíríǹgì ló ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹran ni a fẹ́ ta, ó sì yẹ kó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gbé àmì tó tóbi tó owó £2 kalẹ̀, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ibi tó jìnnà jù tí ọta máraàrún ti ń wọ inú rẹ̀ nígbà gbogbo ni ààlà yín. Ẹ má ṣe kọjá rẹ̀ sí ẹran.

.22 LR àti .17 HMR: ìbátan tí kò jọra

Ẹni tí oko rẹ̀ tóbi, tí ehoro ibẹ̀ sì ti ń ṣọ́ra, á dé ibi tí ìbọn afẹ́fẹ́ kò tó mọ́. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn àwọn ọdẹ ti máa ń gbóná.

.22 LR ti wà láti ọdún 1887. Ọta rẹ̀ tí kì í yára ju ìró lọ wúwo tó grain 40, ó ń sáré tó mítà 320 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá so sàílẹ́ǹsà mọ́ ọn, ariwo rẹ̀ kéré débi pé ehoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣubú lè máa jẹ koríko lọ. .17 HMR dé ní ọdún 2002 láti ọwọ́ Hornady. Grain 17 péré ni ọta rẹ̀, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ lé ní mítà 770. Láti mítà 50 dé 120, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohun tí ẹ ó ṣírò. .22 tí ẹ tò sí mítà 50 ní tirẹ̀ á ti wálẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ kó tó dé 100. Mítà 70 ni mo fi ṣe òpin .22; .17 á ṣiṣẹ́ yín dé bíi 130 lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́.

Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ rò pé .17 ti borí. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ ná. Lórí òkè Downs ní Kent àti Sussex, akọ òkúta pọ̀ nínú ẹfun ilẹ̀ náà. Ọta .22 tó lọ́ra, tó sì jẹ́ òjé, máa ń ta padà lára òkúta àti ilẹ̀ tó gan, á sì máa súfèé lọ síbi tí ẹ kò mọ̀. Ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Ti .17 sábà máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bó bá kan nǹkan. Kì í ṣe pé kì í ta padà rárá, ṣùgbọ́n ó dín kù gan-an. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, .17 ni mo fara mọ́.

Ẹ wá lọ sí Fens ní ìlà-oòrùn England, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, tí afẹ́fẹ́ kì í sì í sinmi. Grain 17 fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ á ti í kúrò lórí ehoro. Ìṣòro tó ju ìyẹn lọ ni pé kò sí òkè tí yóò gba ọta dúró lẹ́yìn ẹran, níbẹ̀ .22 àti .17 kan náà ni wọ́n: ẹ gun ibi gíga kí ọta lè máa lọ sínú ilẹ̀, bí kò bá sí, ẹ má yìn ín. Bí ẹṣin bá wà nínú oko tó múlé ti yín, tàbí tí àwọn aládùúgbò ń sùn nítòsí, .17 kò bá ibẹ̀ mu, torí sàílẹ́ǹsà kò lè pa ariwo ọta tó yára ju ìró lọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹran rẹ̀ náà, kó mọ̀ pé .17 ń ba ara ehoro jẹ́ bí kò bá jẹ́ orí ló bà.

Ọta .17 sábà máa ń gbówó lórí tó ìlọ́po méjì ti .22. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ wọ́n ún bọ́ kì í fi dánra wò tó. Nítorí náà, .22 ni mo gbà gẹ́gẹ́ bí ìbọn kan ṣoṣo fún ẹni tó ń ṣọ́ oko ehoro ní alẹ́, àyàfi bí òkúta bá pọ̀ níbẹ̀. CZ 457 láti ilẹ̀ Czech ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò; ó wà fún àwọn ọta méjèèjì, kò wọ́n kọjá agbára, ó sì ń gbá àmì.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì

Ohun tó ń fò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyẹlé igbó tó bo oko oilseed rape (ewéko tí wọ́n ń fún òróró lára irúgbìn rẹ̀) ní ìgbà òtútù, kò sí èyí tó tó o nínú ìbọn mẹ́ta yòókù. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 12 (12-bore), ọta nọ́ńbà 6, gíráàmù 28 sí 32, pẹ̀lú ẹyẹ àtọwọ́dá tí a tò sílẹ̀ láti fa àwọn tó kù wá: mítà 35 ni kí ẹ máa retí. Ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ kì í rìn kọjá mítà 300, èyí sì ni ààbò rẹ̀. Fún ehoro, ẹyọ kan lẹ máa pa, ìyókù á ti wọ ihò nígbà tí ìró náà bá dún.

Ẹni tó ń rà á báyìí gbọ́dọ̀ ronú nípa òjé. Ní July 2025 ìjọba kéde pé wọn yóò fòpin sí ọta wẹ́wẹ́ òjé fún ọdẹ, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta láti fi múra. Ìkéde náà kò kan ọta ìbọn afẹ́fẹ́. Àlòkù ìbọn tí wọ́n ṣe ní Spain tó ti pẹ́ lè rẹwà gan-an, kó sì má lè gba ọta irin tí ẹ ó fi rọ́pò ti òjé. Ẹ ní kí olùtajà fi àmì ìdánwò ara rẹ̀ hàn yín, kó sì sọ irú ọta irin tó lè gbà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti àgbọ̀nrín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. .223 ni ọ̀pọ̀ fi ń ta kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Fún àgbọ̀nrín ńlá ní England, ìbọn kò gbọ́dọ̀ kéré sí .240, agbára rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 1,700 foot-pound. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irú wọn fún yín nítorí ehoro.

Bí ẹ bá ra àlòkù

Àlòkù ìbọn afẹ́fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn eré ọta rẹ̀ lójú yín. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti tún un ṣe kó lè le sí i. Bó bá ti ju 12 foot-pound lọ, ọwọ́ yín ni òfin máa bá a. Ẹ tan iná wo inú ẹnu .22, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń de sàílẹ́ǹsà mọ́ ọn, torí ìpẹtà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ owó awò orí ìbọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Awò tí kò dára lórí ìbọn tó dára, owó ìbọn náà ti ṣòfò. Ẹ ra irú ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin, páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò láti mítà kan náà kí ẹ tó ra púpọ̀. Ìbọn méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ ọta kan náà.